Kí Wọ́n Fi Nǹkan Lé Yín Lọ́wọ́: Ìwúre fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Lómé

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kàwé ní Yunifásítì Lómé, ẹ súnmọ́ wa díẹ̀. Ìwúre la fẹ́ ṣe fún yín. Lóòótọ́, èdè Mina àti èdè Faransé ló gba ìgboro yìí kan, ṣùgbọ́n ohùn Yorùbá kì í ṣe àlejò ní Lómé. Àdúgbò Anagokomé ń bẹ níbí, ibùgbé àwọn Ànàgó, àwọn bàbá àti ìyá wa tí òwò gbé wá, tí wọ́n sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Bí ẹ bá gba ọ̀nà àríwá lọ sí Àtàkpàmé, ẹ óò bá àwọn Ifẹ̀ níbẹ̀, tí èdè wọn àti tiwa jẹ́ ọmọ ìyá. Nítorí náà, ẹni tó bá ń dáhùn àṣẹ sí ìwúre yìí, ilé ló ti ń dáhùn.

Ọmọ Ewé, ọmọ Mina, ọmọ Kabiyè, ọmọ Tẹ́m, ọmọ Ifẹ̀ Àtàkpàmé, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lómé, ọmọ tó ti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta kọjá ẹnubodè wá: gbogbo yín la ń pè, a kò yọ ẹnì kan sílẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo la wá tọrọ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá. A ń tọrọ pé kí wọ́n fi nǹkan lé yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ ṣì kéré, kí ẹ sì lè jíhìn rẹ̀ fún ẹni tó fi lé yín lọ́wọ́. Ẹni tí a kò fi nǹkan kan ṣọ́ rí títí tó fi pé ogójì ọdún, níbo ni yóò ti kọ́ bí a ṣe ń darí ènìyàn? Olùkọ́ lè sọ ọ́, ìwé lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí owó ẹgbẹ́ bá wà lápò rẹ, tí ogún ènìyàn jókòó tí wọ́n ń wojú rẹ pé kí la máa ṣe, ọjọ́ náà gan-an ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́run, jẹ́ kí ọjọ́ náà tètè dé bá àwọn ọmọ wọ̀nyí. Má jẹ́ kó bá wọn nígbà tí irun ti funfun. Àṣẹ.

Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ lórí ilẹ̀ tí ẹ dúró lé. Kí yunifásítì yín tó wà, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan wà ní àwọn ọdún 1960 tí Tógò àti Dahomey, ìyẹn Bẹ̀nẹ̀ òní, jọ ni. Institut Supérieur du Bénin ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ lítíréṣọ̀ wà ní Lómé, àwọn onísáyẹ́ǹsì wà ní Àjàṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Porto-Novo. Ọdún 1960 ni orílẹ̀-èdè méjèèjì gba òmìnira. Owó kò pọ̀ lọ́wọ́ èyíkéyìí nínú wọn, ni wọ́n bá pín ilé-ẹ̀kọ́ kan lò. Nígbà tó di 1970, Tógò dá tirẹ̀ sílẹ̀, ó sọ ọ́ ní Université du Bénin, orúkọ tó jẹ́ títí di 2001 tó fi di Université de Lomé. Ní 2004, ìkejì rẹ̀ ṣí ní Kárà, lápá àríwá.

Ẹ̀mí tó mú kí orílẹ̀-èdè méjì pín ilé-ẹ̀kọ́ kan, kó bà lé yín. Bí nǹkan kò bá tó, kí ọgbọ́n àjọpín wá sí yín lọ́kàn kí ìjà tó wá. Kí ẹ má ṣe jẹ́ ìran tó jogún ilé tí àwọn mìíràn jọ kọ́, tó wá ń fi ògiri pín in. Àṣẹ.

Mo mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ aṣáájú, ọkàn ọ̀pọ̀ yín ti gbéra, ó ti ń lọ sí Dákà, ó ti ń lọ sí Washington. A óò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbàdúrà fún délégué, ọmọ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yàn láti máa ṣojú kíláàsì. Kò sí fọ́tò rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, kò sí ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n máa fún un. Òun ló ń lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n pé ìdánwò méjì bọ́ sí ọjọ́ kan náà. Òun ló ń gba owó fọ́tókọ́pì lọ́wọ́ ọgọ́rùn-ún ènìyàn, tí àwọn kan san, tí àwọn kan sọ pé ó di ọ̀la. Bí amphi, gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́, bá kún tí àwọn kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun ni wọ́n ń bú. Bí ìròyìn bá pẹ́ dé orí WhatsApp, òun ni wọ́n ń bú.

Délégué, ìwọ ọmọ mi, kí owó tí wọ́n kó fún ọ má ṣe dín lọ́wọ́ rẹ. Kí ojú rẹ má wọ ọgọ́rùn-ún fránǹkì tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé o mú. Bí o bá wọ ọ́fíìsì ọ̀jọ̀gbọ́n, kí ó gbé ojú sókè wò ọ́, kí ó sì fi etí sílẹ̀. Bí o bá padà wá pẹ̀lú èsì tí kò dùn, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ gbà ọ́ gbọ́, nítorí pé o kò parọ́ fún wọn rí. Ọjọ́ tí ó bá rẹ̀ ọ́ tí o fẹ́ jù ú sílẹ̀, kí ẹnì kan nínú wọn wá bá ọ, kó sọ pé "ẹ ṣeun, a rí iṣẹ́ yín." Ohun tí o ń kọ́ lórí owó fọ́tókọ́pì yìí náà ni mínísítà tó ń ṣọ́ owó ilẹ̀ wa ní láti mọ̀, ẹni tí kò bá sì kọ́ ọ níhìn-ín lè má rí ibòmíràn kọ́ ọ mọ́. Àṣẹ, àṣẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́, a wúre fún yín pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ pọ̀ nínú ọgbà yín: ẹgbẹ́ àwọn tó ti àgbègbè kan náà wá, ẹgbẹ́ onígbàgbọ́, ẹgbẹ́ mùsùlùmí, ẹgbẹ́ olùjiyàn, AIESEC tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Yúróòpù dá sílẹ̀ ní 1948 lẹ́yìn ogun ńlá, kí ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè máa lọ kọ́ṣẹ́ ní òmíràn, àti Jeune Chambre Internationale tí àwọn ọ̀dọ́ ìlú fi ń kọ́ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí a sì ń parí rẹ̀. Kí ìpàdé yín bẹ̀rẹ̀ lásìkò. Kí akọ̀wé yín kọ ohun tí ẹ sọ gan-an sílẹ̀. Kí akápò yín lè ṣí ìwé rẹ̀ níwájú gbogbo yín láìsí pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Bí àsìkò ìdìbò bá tó, kí ẹ dìbò; kí ààrẹ tó wà lórí àga dìde fúnra rẹ̀. Èmi gbà pé ẹgbẹ́ tí ààrẹ rẹ̀ kì í sún kúrò lórí àga kò lè kọ́ ọmọ ẹgbẹ́ ní ohun kan ju bí a ti ń pàtẹ́wọ́ lọ, ìyẹn ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run gidigidi lórí ọ̀rọ̀ yìí: kí Ó fún àwọn ọmọ wa ní ìgboyà láti gba ipò, kí Ó sì fún wọn ní ìgboyà tó ju ìyẹn lọ, láti fi í sílẹ̀.

Wàyí o, Dákà. Ní 2010, Barack Obama tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà dá ètò YALI sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 2014, àwọn àkọ́kọ́ nínú Mandela Washington Fellowship, tó jẹ́ ara ètò náà, lọ, wọ́n lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní yunifásítì Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn náà ni ètò YALI ṣí ibùdó mẹ́rin sí ilẹ̀ Áfíríkà níhìn-ín: Accra, Dákà, Nairobi àti Pretoria. Ti Dákà, tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ CESAG, ni àwọn ọmọ Tógò máa ń lọ nígbà náà nítorí èdè Faransé, láti ọmọ ọdún 18 sí 35. Àwọn ọmọ tí wọn kò tíì wọ ọkọ̀ òfuurufú rí wọ̀ ọ́ lọ síbẹ̀. Wọ́n bá ọmọ Màlì, ọmọ Nìjẹ̀, ọmọ Kamẹrúùnù jókòó, wọ́n sì rí i pé ìṣòro tí wọ́n rò pé ti Lómé nìkan ni ń bẹ níbi gbogbo. A dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ṣílẹ̀kùn yẹn.

Ṣùgbọ́n ní 2025, ìjọba Amẹ́ríkà tú USAID ká, àjọ tí owó rẹ̀ wà lẹ́yìn àwọn ibùdó náà. Ilẹ̀kùn tí ọwọ́ ẹlòmíràn ṣí, ọwọ́ kan náà lè tì í ní òru ọjọ́ kan. Èyí kì í ṣe ẹ̀sùn. Ilé onílé ni, owó olówó ni. Àdúrà ni mo fi ń ṣe: Olódùmarè, fi í sí ọkàn àwọn tó lówó nínú wa pé kí wọ́n kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn. Ìlú Lómé yìí kò tálákà nínú ilé ńlá. Báńkì BOAD tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973 fún ìdàgbàsókè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Lómé ló fi ṣe olú-ilé. BIDC, báńkì CEDEAO, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Lómé ló wà. Ecobank tó ta ẹ̀ka kálẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Lómé ni orírun rẹ̀. Ẹ̀yin olórí àwọn ilé wọ̀nyí, Ọlọ́run kó fọwọ́ kan ọkàn yín. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá tọrọ stage, ìyẹn àyè láti kọ́ṣẹ́, kí ẹ gbà á, kí ẹ sì fún un ní iṣẹ́ tó ní orí àti ìdí. Kí ó má jẹ́ omi tútù àti ìwé fọ́tókọ́pì nìkan ni yóò máa gbé káàkiri fún oṣù mẹ́ta. Ẹ fi fáìlì kan síwájú rẹ̀, kí ẹ sọ pé tìrẹ ni, wá jíhìn rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀. Bí ó bá ṣe àṣìṣe, kí ẹ ràn án lọ́wọ́ láti tún un ṣe, kí ẹ má sì gba fáìlì náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní kí a má gbàgbé bí Ecobank ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí ìwúre wà nínú rẹ̀. Ní ìgbà náà, àwọn báńkì tó gbilẹ̀ níhìn-ín jẹ́ ti òyìnbó tàbí ti ìjọba. Ọmọ Nàìjíríà kan, Olóyè Adéyẹmí Lawson, àti ọmọ Tógò kan, Gervais Djondo, pa ìmọ̀ pọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ oníṣòwò ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. CEDEAO tì wọ́n lẹ́yìn. Ní 1985 wọ́n fi orúkọ ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Lómé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu ọ̀kan, èdè Faransé lẹ́nu èkejì, ibodè méjì ni ẹni tó bá gba ilẹ̀ wá láti Èkó sì ní láti là kọjá kó tó dé ibí. Ẹ̀yin ọmọ wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan yín, kí Ọlọ́run fi ẹnìkejì yín hàn yín láti òdìkejì ẹnubodè. Ẹ lè ti jọ jókòó nínú ọgbà yín lónìí láìmọ̀. Ẹ̀ka kan wà ní yunifásítì yín, Village du Bénin, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ Gánà ti ń wá fi ẹnu kọ́ Faransé láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ wa ní Faransé nílé gba ibẹ̀ kọjá. Kí ọmọ Lómé tó bá rí ọmọ Yorùbá tí Faransé ń gé lẹ́nu má ṣe rẹ́rìn-ín rẹ̀; kó pè é wá jẹ ayimolou, kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ títí yóò fi yọ̀ lẹ́nu. Kí ọmọ Yorùbá náà má ṣe fi gbogbo ọdún náà jókòó ti àwọn ará ilé rẹ̀ nìkan. Kí orúkọ tí ẹ kọ sínú fóònù yín nígbà ìwé má parẹ́ níbẹ̀. Àṣẹ.

Ẹ jẹ́ kí n rọra fà yín lọ sí Lọ́ńdọ̀nù díẹ̀, nítorí àdúrà tó kàn. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1925, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Ẹ̀gbá tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin níbẹ̀, àti Dókítà Bankole-Bright ti Sierra Leone, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ, wọ́n dá WASU sílẹ̀, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ìlú kò fi ilé fún wọn. Àwọn onílé ń wo àwọ̀ ara wọn, wọ́n ń sọ pé kò sí yàrá. Ṣólàńkẹ́ padà wá sí ilẹ̀ wa, ó lo ọdún 1929 sí 1932 lórí ìrìn, ìlú dé ìlú, ó ń tọrọ owó lọ́wọ́ ọba, lọ́wọ́ oníṣòwò, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ obìnrin. Ní 1933 ni ilé WASU ṣí ní Camden Road. Ìyàwó rẹ̀, Ọpẹ́olú, ló ń ṣe ìtọ́jú ilé náà. Àwọn ọmọ ilé ń jẹ oúnjẹ ilé wa níbẹ̀, wọ́n sì ń jiyàn lórí òmìnira títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Kwame Nkrumah gba ibẹ̀ kọjá.

Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn nínú ìtàn yìí ni ilé. Àwọn tó wá darí orílẹ̀-èdè lẹ́yìn náà, sísan owó ilé, rírà èédú, pípín oúnjẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ ìdarí. Ẹni tí kò lè ṣe ètò ibùsùn ogún ènìyàn, òun ni kò tíì mọ ohun tí orílẹ̀-èdè túmọ̀ sí. Ìdí nìyí tí mo fi ń wúre fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ há yàrá kan ẹni mẹ́rin ní Adéwui tàbí Agoè: kí omi má tán láì sí ẹni tó mọ̀ pé òun ló kàn. Kí owó iná má ṣe fa ìjà. Kí àìsàn ẹnì kan di ti gbogbo yín, kí ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ọ̀rọ̀ ńlá tí ẹ ń sọ ní alẹ́ nípa Áfíríkà má sì jẹ́ àsọdànù.

Nísinsin yìí, ọ̀rọ̀ tó wúwo. Ọlọ́run, fetí sí wa.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 1990, wọ́n ń ṣẹjọ́ àwọn ọ̀dọ́ kan ní ilé-ẹjọ́ Lómé lórí ìwé pélébé tí wọ́n fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n pín. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ọ̀dọ́ ìlú tú jáde. Láti ibẹ̀ ni nǹkan ti ń gorí ara wọn títí tí wọ́n fi pe àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè ní oṣù keje sí oṣù kẹjọ 1991. Ẹ̀mí ṣòfò ní àwọn ọdún náà. Àwọn òbí kan kò rí ọmọ wọn mọ́. Ní 2011 pẹ̀lú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde lórí ètò ẹ̀kọ́ LMD (Licence, Master, Doctorat) tó dé bá wọn láìsí ìmúrasílẹ̀ tó pé. Ẹni tó bá ń wúre fún aṣáájú ní Lómé tí kò dárúkọ àwọn ọmọ yẹn, àbùkù wà nínú ìwúre rẹ̀.

A bẹ̀bẹ̀ fún ìsinmi àwọn tó lọ. A bẹ̀bẹ̀ fún ìyá tó ṣì ń wo ẹnu ọ̀nà. Fún ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ lónìí, a tọrọ ahọ́n tó lè sọ òtítọ́ fún aláṣẹ láìfi èébú sí i, àti aláṣẹ tó lè gbọ́ òtítọ́ láìránṣẹ́ pe ọlọ́pàá. Bí ẹ bá ní ẹ̀dùn, kí wọ́n gbà yín wọlé kí ẹ tó bọ́ síta. Bí ẹ bá bọ́ síta, kí ẹ lọ láyọ̀, kí ẹ sì padà délé pẹ̀lú ojú méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì. Kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀jẹ̀ yín dé ipò. Kí ẹni tó bá fẹ́ lò yín da ìlú rú má rí ọ̀kan ṣoṣo nínú yín rà. Ìgboyà yín kò ní já sí ẹkún fún àwọn tó bí yín. Àṣẹ. Àṣẹ. Àṣẹ.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ bọ́ síwájú. Ìlú yìí ti mọ agbára obìnrin kí yunifásítì rẹ̀ tó wà. Àwọn Nana Benz tí wọ́n ń ta aṣọ wax ní Ọjà Ńlá Lómé, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ Mercedes tí wọ́n ń gùn ló sọ wọ́n lórúkọ, àwọn oníṣòwò láti ìlú òkèèrè ń gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu lórí irú àwòrán tó yẹ kó wà lára aṣọ. Wọ́n mú ọmọ wọn jókòó ti ara wọn, wọ́n fi ìdì aṣọ lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kó tà, kó wá jíhìn. Iná jó ọjà náà ní oṣù kìíní ọdún 2013, ọjà náà sì tún ń ná. Ní 2019, obìnrin kan, Yawa Tségan, di olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ní 2020, Victoire Tomegah Dogbé di olórí ìjọba, obìnrin àkọ́kọ́ ní ipò kọ̀ọ̀kan wọn ní Tógò.

Síbẹ̀, ẹ lọ wo ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nítòsí yín. Ta ló ń se oúnjẹ ọjọ́ àjọyọ̀? Ta ni wọ́n ń fi ṣe igbákejì títí láé? Ọmọ mi obìnrin, kí wọ́n má fi ọ́ sídìí ìkòkò nìkan nígbà tí ọ̀rọ̀ ń lọ lọ́wọ́. Bí o bá sọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣe bí ẹni pé wọn kò gbọ́, tí ọkùnrin kan sì wá sọ ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n pàtẹ́wọ́, kí ẹnì kan dìde níbẹ̀ kó sọ pé ẹnu obìnrin yìí ló ti kọ́kọ́ jáde. Kí ọ̀gá tàbí olùkọ́ tó bá fẹ́ fi àǹfààní ra ara rẹ rí ìtìjú, kí o rí ẹni gbà ọ́ gbọ́ nígbà tí o bá sọ ọ́, kí ipò rẹ má sì tìtorí rẹ̀ bọ́. Ẹ̀yin ọmọkùnrin, ẹ dáhùn àṣẹ sí èyí kí ohùn yín ròkè.

Fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe nǹkan, tí kì í sọ̀rọ̀ níwájú èrò: kí a má gbàgbé rẹ. WoeLab tí Sénamé Koffi Agbodjinou dá sílẹ̀ ní Lómé ní 2012 ni Afate Gnikou ti fi àwókù kọ̀ǹpútà àti àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ti sọ nù to ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D tó ń tẹ nǹkan jáde ní odidi, lọ́dún kejì rẹ̀. Kí ìwọ náà rí tábìlì kan, iná tí kò ní kú, àti àwọn ẹgbẹ́ tí kò ní fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí kò bá tíì ṣiṣẹ́.

Mo fẹ́ yà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù ètò aṣáájú, tí wọn kò mú. Ó kọ fọ́ọ̀mù náà ní òru torí pé òru ni owó dátà máa ń dín. Ó sọ ìtàn ara rẹ̀ ní Faransé tó fara balẹ̀ tò, ó ní kí ọ̀rẹ́ kan bá òun kà á, ó tẹ̀ ẹ́ lọ. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, lẹ́tà kúkúrú kan dé, tàbí kí ohunkóhun má tilẹ̀ dé rárá. Ọmọ mi, kí ọjọ́ yẹn má rí inú rẹ bí ibi tí yóò fìdí kalẹ̀ sí. Àwọn tó mú ẹlòmíràn kò wọ̀n ọ́, àyè ló há. Kí o rí iṣẹ́ kan nítòsí tó ń dúró de ẹni tó máa ṣe é: àwọn ọmọ àdúgbò tí ìdánwò BEPC ń kọ́ lẹ́sẹ̀, gọ́tà tí òjò ń kún, ìwé ilé ìkówèésí tí kò sí ẹni tó ń tò ó. Kí o gbé e. Bí o bá tún kọ fọ́ọ̀mù ní ọdún tó ń bọ̀, kí o ní ohun tí o ti ṣe láti kọ sí i. Bí o kò bá sì tún kọ ọ́ mọ́, kí ìlú ti mọ̀ ọ́ dípò bẹ́ẹ̀. Ètò ìyọ̀ǹda ara ẹni tí ìjọba ṣe, ANVT, ń rán àwọn tó jáde ní yunifásítì lọ ṣiṣẹ́ ní abúlé àti ìlú kéékèèké. Bí wọ́n bá rán ọ lọ sí ibi tí iná kò dé, kí o má ka ara rẹ sí ẹni tí a gbàgbé. Kí àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn rẹ débi pé wọn yóò máa béèrè rẹ lẹ́yìn tí o bá lọ.

Ọlọ́run tún gbà wá lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àǹfààní. Àwọn tó ń gba owó orúkọ sílẹ̀ fún ìpàdé aṣáájú, tí wọ́n ń ya fọ́tò, tí wọ́n ń pín ìwé-ẹ̀rí aláwọ̀ wúrà, tí kò sì sí ohun kan tí wọ́n fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti ṣe. Àwọn tó ń sọ fún ọmọ ogún ọdún pé aṣáájú ni nítorí pé ó wọ kóòtù. Kí owó àwọn òbí má ṣòfò sọ́wọ́ wọn. Kí ọmọ wa tó bá ti san án lè gbé ìtìjú tì, kó kìlọ̀ fún àwọn tó kù.

Ẹ̀yin tí ẹ di ilẹ̀kùn mú, ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yin olórí ẹ̀ka, ẹ̀yin tí wọ́n ń kó orúkọ fún: a bẹ̀ yín, a sì wúre fún yín. Kí oorun yín dára ní alẹ́ tí ẹ bá fi orúkọ sílẹ̀. Kí ẹ lè mú ọmọ ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí, nítorí pé ó yẹ, kí ẹ sì lè fi ọmọ àbúrò yín sílẹ̀ nítorí pé kò tíì tó. Kí ìdílé yín má bínú sí yín fún un. Ọmọ tí ẹ fi òtítọ́ mú kò ní dójú tì yín. Bí Gilbert Houngbo tó kàwé nínú ọgbà yìí kan náà ṣe di ọ̀gá àgbà àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé ní Geneva ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa dárúkọ yín níbi tí ẹ kò dé, pé olùkọ́ mi ni.

Lómé náà ni àwọn olórí Áfíríkà ti fọwọ́ sí ìwé tó dá Ìṣọ̀kan Áfíríkà sílẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2000. Ní ọjọ́ mìíràn tí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ bá tún wáyé níhìn-ín, kí ẹ wà nínú ilé náà. Kí àwọn kan nínú yín máa túmọ̀ èdè, kí àwọn kan máa ka ìwé àdéhùn láti rí ibi tó kù díẹ̀ káàtó, kí ẹnì kan nínú yín ní ohùn tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ kí wọ́n tó kọ orúkọ sí i.

Ìwúre ìkẹyìn ni ti ọjọ́ tí ẹ máa fi ipò sílẹ̀. Kí ó bá yín láàyè, kí ó bá yín nínú ìlera. Kí ẹni tó ń gba ipò lọ́wọ́ yín wà níbẹ̀, kí ẹ mọ orúkọ rẹ̀, kí ó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ti ń kọ́ ọ láti ọjọ́ pípẹ́. Kí kọ́kọ́rọ́ pé, kí ìwé owó pé, kí gbèsè tó kù jẹ́ èyí tí gbogbo ẹgbẹ́ mọ̀ sí. Bí wọ́n bá béèrè ohun tó ṣòro, kí ìdáhùn wà lẹ́nu yín. Bí ẹ bá jáde kúrò níbẹ̀ tí ẹ bọ́ sórí ọ̀kadà zémì tí ń lọ sílé, kí ẹ jókòó gẹ́gẹ́ bí ará ìlú, kí ọkàn yín fúyẹ́, kí àwọn tó wà lójú ọ̀nà kí yín tọkàntọkàn bí wọ́n ṣe ń kí yín kí ẹ tó jókòó sórí àga. Àṣẹ.